Ẹrù Aunty Rye Lane Ni Wọ́n Torí Ẹ̀ Fagi Lé Visa Mi, Èmi Náà Ni Wọ́n Ní Kó Wá Kúnlẹ̀

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, àmọ́ ẹ má yọ ìkankan kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Mo purọ́ fún ọlọ́pàá ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni irọ́ náà. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo ni gbogbo ẹrù tó wà nínú báàgì mi, mo ní yes... yes yẹn ni wọ́n fi dí ọ̀nà mọ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó dájọ́, torí pé ní Peckham ní London níbí, wọ́n ti dá a láì gbọ́ tẹnu mi.

Mo ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, mo ní master's, iṣẹ́ office ni mò ń ṣe, work visa ni mo fi ń gbé ìlú yìí, passport aláwọ̀ ewé wa náà ni mo ṣì ń lò. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé, Mummy ni mò ń pè wọ́n, ilé wọn ò jìnnà síbi tí North Peckham Estate wà kí wọ́n tó wó o. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n gbé àpò sẹ́yìn kí n fi ẹsẹ̀ mi rin Europe. Àwọn colleague mi, tó bá ti wù wọ́n, wọ́n á ra ticket lọ́sàn-án, wọ́n á sùn sí Spain lálẹ́. Àwa ńkọ́? Bank statement, payslip, ìwé láti ibi iṣẹ́, ìka títẹ̀, ibi tí màá sùn lálaalẹ́, gbogbo ẹ̀ ni mo kó fún wọn, mi ò fi ìkankan pamọ́, mi ò yí ìkankan. Wọ́n fún mi ní visa Schengen, ẹyọ kan tó kárí ọ̀pọ̀ ìlú Europe, tí mo lè fi jáde kí n tún fi padà wọlé. Mummy ní kí ni obìnrin tí kò tíì lọ́kọ ń wá kiri pẹ̀lú àpò lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé? Mo ní Mummy, ìgbádùn ni. Wọ́n ní ìgbádùn wo ló wà nínú kéèyàn máa sùn sínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn téèyàn ò mọ bàbá wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà á ti wá.

Mummy ló lọ sọ ọ́ ní church. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí láàárín wa, tí ẹnu bá ti sọ pé o fẹ́ rìnrìn àjò báyìí, ẹrù ti wà lọ́nà. Aunty kan wà tí wọ́n ní shop irun ní Rye Lane, ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Aunty Rye Lane, àgbà ni wọ́n nínú church wa, tí wọ́n bá ń gbàdúrà, ilẹ̀ warehouse tá a fi ń ṣe church á fẹ́ẹ̀ gbọ̀n. Ọmọ wọn obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Brussels, Brussels sì ni ìrìn àjò mi máa parí sí. Wọ́n gbé ẹrù wá, nylon dúdú, wọ́n ti fi tape dì í yíká yíká, wọ́n ní elùbọ́ àti ẹja gbígbẹ fún ìyá ìkókó ni. Mo ní ẹ jẹ́ ká tú u wò mà. Mummy wò mí bí ẹni pé mo bú ẹnì kan, wọ́n ní ṣé ẹrù àgbà lo fẹ́ máa tú wò? Mo gbé e sínú àpò mi bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Aunty fi voice note ránṣẹ́ sí mi. Àdúrà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, wọ́n wá sọ orúkọ ọmọ wọn ní kíkún, àdúgbò rẹ̀, àti salon tí mo ti máa béèrè rẹ̀, wọ́n ní ohun tó wà nínú ẹrù yẹn ló máa fi máa jẹun títí ìwé ìgbélùú rẹ̀ á fi jáde. Wọ́n ní "Ọmọ mi, tí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́nà, ṣá ti sọ pé tìẹ ni o, má ṣàlàyé kankan fún òyìnbó, àlàyé ló ń kó bá èèyàn." Mo gbọ́ ọ, mo rò pé elùbọ́ ni wọ́n ń sọ. Ẹ má bú mi. Ta ló wà nínú wa tí kò gbé ẹrù ẹlẹ́rù bẹ́ẹ̀ rí? Ta ló wà nínú wa tí wọ́n bi ní airport bóyá òun ló di báàgì òun, tó ní rárá, Aunty kan ní church wa ló bá mi dì í?

Mo gbé ẹrù yẹn káàkiri. Mo gbé e ní Spain, mo gbé e ní Italy, nínú oòrùn, lórí àtẹ̀gùn, àwọn tá a jọ ń sùn ní hostel sọ ọ́ ní ọmọ mi torí pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń rí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo pọ̀n ọ́n ni. Mo sì gbádùn ara mi o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo jókòó létí òkun jẹ búrẹ́dì àti tòmátì, kò sẹ́ni tó pè mí, kò sẹ́ni tó bi mí nígbà wo ni mo máa lọ́kọ. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí ìlú kan tí kò sí lára Schengen, mo rìn níbẹ̀, lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì kí n padà wọlé. Mi ò ní dárúkọ ẹnubodè náà. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ní passport pupa, wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Èmi nìkan ni wọ́n ní kó gbé báàgì sórí tábìlì. Obìnrin ọlọ́pàá náà béèrè, ṣé tìẹ ni gbogbo èyí? Mo ní yes.

Ó fi ọ̀bẹ la tape. Elùbọ́ ló wà lókè lóòótọ́, àti ẹja díẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi ewé bo kòtò. Abẹ́ rẹ̀... attachment. Dúdú, pupa, aláwọ̀ wúrà, bó ṣe ń fà á jáde ló ń jáde. Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé irun, ìyàrun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń na irun, àti apron tí wọ́n kọ orúkọ salon sí láyà. Ó bi mí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sọ. Ó ní kí ni arìnrìn-àjò afẹ́ ń fi irinṣẹ́ onídìrí ṣe? Mo ní kì í ṣe tèmi. Ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé tìẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó jẹ́ kí n pe ẹni tó ni ín. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó gbà, ó ní kí n fi sórí speaker. Aunty gbé e, wọ́n ní báwo ni ọmọ mi. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ẹ dákun ẹ bá mi ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ni ẹrù yìí. Ọlọ́pàá náà kí wọn lédè òyìnbó. Ẹ̀yin ará, ohùn yẹn yí padà! "Sorry, I don't know this person. Wrong number, please." Wọ́n gé e. Mo tún pè wọ́n, wọ́n ti pa phone.

Ọlọ́pàá náà wò mí, àánú ló wà lójú ẹ̀, àánú yẹn dùn mí ju stamp tó tẹ̀ lọ. Wọ́n fagi lé visa náà, wọ́n kọ ọ́ pé mo purọ́ nípa ohun tí mò ń bọ̀ wá ṣe, pé iṣẹ́ ni mò ń bọ̀ wá ṣe. Wọ́n dá mi padà sódì kejì, ibẹ̀ ni mo ti wọkọ̀ òfuurufú padà sí London. Ibi tó ń jó mi lára nìyí: mo fẹ́ẹ̀ tó gba ìwé ìgbélùú gbére níbí, form yẹn sì máa béèrè bóyá ìlú kankan ti fagi lé visa mi rí. Gbogbo form tí mo bá ń kọ títí mo fi máa hu ewú ló máa béèrè. Opùrọ́ ni màá máa jẹ́ níwájú gbogbo wọn, torí irun ẹlòmíì.

Mo délé, Mummy ò bi mí bóyá mo ti jẹun. "Ẹrù Aunty ńkọ́?" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n pe Aunty wá sí parlour, Aunty ń sunkún, wọ́n ní mo ti fi ọjà àwọn ṣòfò, mo tún fẹ́ fa ọlọ́pàá bá àwọn, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ àwọn kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀. Èmi! Mo ní Aunty, ẹ má bínú mà, ta lẹ rò pé ó ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí? Àbí wrong number náà ni? Mummy dìde, wọ́n ní ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní university nìyẹn? Mo ní yes. Yes kejì nìyẹn, kò sì sí irọ́ nínú ìyẹn. Mo gba yàrá mi lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn nínú ilé yìí, wọ́n ní mo rí àgbà fín. Kì í ṣe ẹni tó fi ẹja bo attachment mọ́lẹ̀ ló ṣe ohun tó burú, kì í ṣe ẹni tó sẹ́ mi létí ọlọ́pàá, èmi tí mi ò kúnlẹ̀ ni.

Mo ti rí solicitor kan ní Lordship Lane. Ó ní àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, pé ọ̀nà méjì ló wà: kí Aunty buwọ́ lu ìwé pé àwọn ló ni ẹrù, tàbí kí n fi voice note yẹn sílẹ̀. Aunty ti ní láéláé. Voice note yẹn wà lórí phone mi, odindi. Mo bi solicitor bóyá mo lè gé ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọmọ wọn kúrò, ó ní tí mo bá fi lè gé e, wọ́n á ní mo tún ti purọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ Aunty yẹn pè mí fúnra ẹ̀ láti Brussels. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé Mummy mi ò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín. Ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn. Kò ní kí n má fi voice note yẹn ránṣẹ́. Kò bẹ̀ mí fún ohunkóhun. Nínú gbogbo àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn, òun nìkan ṣoṣo ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi... òun náà sì ni voice note yẹn máa kó sí wàhálà, torí orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti salon tó ti ń ṣiṣẹ́ láìníwèé. Ká ní ìyá rẹ̀ nìkan ló kàn, mi ò bá ti tẹ send tipẹ́, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni solicitor fẹ́ kó ìwé wọlé. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ kí n gba orúkọ mi padà? Ṣé kí n pa á rẹ́ kí n máa jẹ́ opùrọ́ lórí form títí láé nítorí ìkókó tí mi ò gbé rí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nírú ẹ̀, kí lẹ ṣe? Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, màá kà á. Àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ kúnlẹ̀ fún Aunty. Ìmọ̀ràn lórí voice note ni mò ń wá. Orúnkún mi ò sí lára ohun tí mo gbé wá síwájú yín.