Ta Ló Ń Pààrọ̀ Ìlédìí Ọmọ Wa?

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi ọ̀wọ́n. Ẹ kú àìgbúròó wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ṣakí níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti gbogbo ará ilé wa l'Abẹ́òkúta. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gba ìdúró. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé, kó jọ̀wọ́ kà á sí ìyá mi létí.

Ìyàwó mi ti bí. Obìnrin ni, ọjọ́ mẹ́tàlélógún rèé. Inú mi dùn débi pé mo lọ síléèwé láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìyàwó tí mo fẹ́ ní Ìsẹ́yìn kò ní ìyá láyé mọ́, ẹ̀yin àti òun kò sì tíì fojú kan ara yín nítorí orúnkún tó ń dùn yín. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ wa. Èmi tí mò ń kọ́ ogójì ọmọ iléèwé ní ABD, àkísà ìlédìí kan ṣoṣo ló sọ mí di òpè. Mo gbé ẹsẹ̀ ọmọ sókè, mo gbàgbé láti tẹ́ aṣọ mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí ṣòkòtò tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, ló bá tún bú sẹ́kún, nítorí a ti di aṣọ mọ́ ìwọ́ ọmọ, ibẹ̀ sì ti pọ́n.

Lẹ́yìn ìkómọ, nǹkan yí padà. Bí mo bá ti iléèwé dé, ọmọ á ti mọ́ tónítóní, àdín á máa dán ní itan rẹ̀. Ìlédìí rẹ̀ á jẹ́ onígun mẹ́ta, kókó rẹ̀ á wà lápá òsì, etí aṣọ á sì wà nínú, tí kò ní kan ìdodo. Ìyá mi, bí ẹ ṣe ń so ti àbúrò mi nìyẹn. N kò rí ẹlòmíràn tó ń so ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé àwọn obìnrin àdúgbò ló ń kọ́ ìyàwó mi, àfi ìgbà tí mo bi í lọ́sẹ̀ yìí. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ṣebí ìyá mi ni.

Ó ní ní àràárọ̀, bí mo bá ti lọ tán, obìnrin àgbà kan máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, pé òun ni ìyá ọkọ rẹ̀, pé òun ti yà kí mi níléèwé. Mo bi í pé báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí. Kò mọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni: orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà, kì í wo ìyá ọkọ lójú, kì í sì í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló rí. Ó ní ẹsẹ̀ náà mọ́, ó ń dán. Ìyá mi, inú ọyẹ́ la wà yìí. Eruku pupa bo ewúrẹ́, ó bo Bíbélì mi. Kò sí ẹsẹ̀ kan tó mọ́ ní gbogbo Ṣakí.

Lánàá mo tètè tú iléèwé ká. Mo bá ìyàwó mi lórí ìkúnlẹ̀, omi inú igbá ṣì ń gbóná. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mo sáré sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá arúgbó aládùúgbò wa ti ń bó ẹ̀gúsí níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé obìnrin náà ti sọ pé bí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, òun yóò pọ̀n ọ́n lọ fi han àwọn ará ilé. Ìyàwó mi sì ti gbà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá fún ìyá ọkọ. Lánàá ló pọ̀n ọ́n wò. Ó rìn dé ẹnu ọgbà, ó sì padà. Ìyàwó mi ní ọmọ kò sunkún, àfi ìgbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

N kò lọ síléèwé lónìí. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ ìlédìí. Ìyàwó mi ń bínú, ó ní mo ń lé ìyá mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ṣé ẹ̀yin ni? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ dárí jì mí, àárò yín ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má gba ẹ̀yìn. Ẹ dúró níwájú ilé, kí ẹ pè mí ní orúkọ tí ẹ fi ń pè mí ní kékeré, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lẹ́yìn àwa méjèèjì. Ìgbà náà ni n óò ṣílẹ̀kùn. N kò kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí n kò mọ ẹni tó tún ń ka lẹ́tà yìí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí orúnkún yín le koko, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé ọmọ-ọmọ yín. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Jòsáyà