Ta Ni Obìnrin Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Mi Yìí?

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé. Iṣẹ́ káfíńtà ń lọ díẹ̀díẹ̀, òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé wa, àmọ́ kò wó lu ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa ò tó. Mo ti kí ọ tán o, ó wá kù kí n bínú.

Àwòrán ìyá rẹ tí o fi oṣù mẹ́jọ kùn ti dé. Ẹni tó gbé e wá fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí n kọ bí mo ṣe bá ẹrù sí i. Mo kọ ọ́ pé kò fọ́, kò ya, ṣùgbọ́n n kò mọ obìnrin inú rẹ̀ rí. Ó ní ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bi mí. Kí ni wọ́n wá ń bi mí?

Láti ìgbà tí àìsàn ti fa ẹnu ìyá rẹ sí òsì, ẹnu yẹn náà ló fi ń jẹun, òun ló fi ń bú mi. O wá fi ọ̀dà nà án, ó gún bí etí tábìlì! Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi síkáàfù bo ẹnu, kódà tó bá ń bá èmi ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú bí mi dé ibi pé mo fi òòlù lu àtàǹpàkò ara mi.

Onídìrí ilé kejì ló fi ohun tí o kọ hàn mí lórí fóònù rẹ̀, pé o gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán kékeré kan lójoojúmọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo ṣẹ̀, ta ló dá ẹjọ́ náà fún ọ. Ó ní kì í ṣe ìjìyà, pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ṣe ń yá.

Ni mo bá lọ tú ìwé tí o fi ń ya àwòrán tẹ́lẹ̀, tí o gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kù díẹ̀ kí n fi dáná tẹ́lẹ̀, torí kò sẹ́ni tó pé nínú rẹ̀: eléyìí ò létí, tọ̀hún ò lẹ́sẹ̀. Mo ṣí i, mo rí ìyá rẹ, ìlà mẹ́sàn-án péré, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ lọ sí òsì. Mo gbé e lọ bá a nídìí ààrò. Ó wò ó, ó ní òun nìyí o, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fa síkáàfù sọ nù kí ẹ̀rín lè ráyè jáde.

Omi bọ́ lójú mi, àmọ́ inú ṣì ń bí mi. Igi tí a bá fi ìfági fá jù, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù la ti ń gbá a. Má dá àwòrán ojoojúmọ́ dúró, má sì pa iṣẹ́ ńlá tì. Ṣùgbọ́n tí o bá jókòó ti iṣẹ́ ńlá, ṣí ìwé kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí o má bàa fi ọ̀dà bo ohun tí ojú rẹ ti rí.

Wá gbé àlejò rẹ lọ, mi ò fẹ́ ìyàwó kejì. Fi owó gíláàsì ránṣẹ́, kí eṣinṣin má bàa bà sí ìlà mẹ́sàn-án yẹn. Má fi í gba inú fóònù o, tèmi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó lè jò dànù.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ojú rẹ kò ní ṣú. Ìyá rẹ ní tí o bá fẹ́ wá tún un yà, òun á jókòó fún ọ, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ ní kí òun panu dé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.