Màmá Mi Rán Ọkọ Wá Bá Mi Lọ́jọ́ Ìfọṣọ

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi, mi ò kọ ọ́.

Ajíhìnrere ìjọ Mọ́mọ́nì ni mí. Àwa obìnrin méjì la jọ ń kanlẹ̀kùn kiri, òfin wa sì ni pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé la máa ń fọṣọ, ìgbà yẹn náà la máa ń pe ilé.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá, màmá mi rán ọkùnrin kan wá, wọ́n ní òun ni kí n fẹ́. Ọkùnrin náà ní kí ẹnì kejì mi bọ́ síta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí ò ṣe é sọ lójú ẹ̀, ẹ máa gbé e lọ." Ẹnì kejì mi na etí aṣọ ìbùsùn tútù sí i pé kó bá wa fún omi ara ẹ̀ dànù. Ó fún aṣọ náà tán, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo pe ilé, màmá fárígá: àwọn ò ní gbé fóònù mi mọ́, àfi tí mo bá fi iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́, ẹ kì í fi ètò rédíò yìí ṣeré. Mi ò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni màá máa pè.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá wa dá sí i. Wọ́n ní olóríkunkun ni mí. Ṣé ẹ ò rí ibi tí mo ti jogún ẹ̀?