Wọ́n Gba Fóònù Lọ́wọ́ Mi

Lórí àga oníke,
Ẹnu ọ̀nà yàrá àwòrán,
Ilé ìwòsàn ńlá.
Ọjọ́rú, ọ̀sán gangan.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Orúnkún yín ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé bá rédíò jiyàn? Bí ẹ bá ti pè mí tí mi ò gbé e, ẹ má bínú, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí kókó tó yọ lọ́rùn àkọ́bí mi, aránṣọ. Jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n dókítà ní àlejò ni níbẹ̀, ibòmíràn nínú ara ló ti wá. Àfi kí wọ́n mọ orísun rẹ̀ kí wọ́n tó mọ irú ìtọ́jú tó bá a mu. Ni wọ́n bá fún un ní abẹ́rẹ́ kan tó ní ṣúgà nínú: ibi tí jẹjẹrẹ bá sá pamọ́ sí á fa ṣúgà náà mu, á sì tàn yòò nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ náà ń mu ún. Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kó má sọ̀rọ̀ rárá, títí ṣúgà á fi rìn kárí ara. Èmi ò gbọ́ ìyẹn, ìta ni wọ́n fi mí sí.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Mo pè é lórí fóònù: "Ṣé òtútù ò mú ẹ?" Mo tún pè é: "Ṣé wọ́n fún ẹ ní ìrọ̀rí?" Ọmọ tí mo kọ́ pé kò gbọdọ̀ dákẹ́ sí ìpè ìyá rẹ̀, ó ń dáhùn ni.

Àwòrán jáde, ọ̀fun rẹ̀ ń tàn. Bóyá ibẹ̀ nilé àrùn náà, bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ni. Wọn ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Dókítà bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, ó tẹjú mọ́ ògiri. Èmi ni mo jẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu ní í kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, ọ̀fun ọmọ ló kó bá.

Òní ni wọ́n ń tún un yà. Àbúrò rẹ̀ awakọ̀ ti ki fóònù mi sápò. Ó ní, "Màámi, tí ọ̀rọ̀ bá ń yún yín lẹ́nu, ẹ kọ lẹ́tà." Mo sì ń kọ ọ́. Mi ò lè wọlé, mi ò lè lọ sílé. Àdúrà gan-an há mi lẹ́nu. Tí ọ̀fun náà bá tún tàn, ibẹ̀ ni. Tí ibì kankan ò bá tàn, inú òkùnkùn la ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wo ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára ọmọ òun?

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má tíì pe ọmọ náà o, ẹ jọ̀ọ́.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọmọ mi ti jókòó tì mí, èsì ò tíì jáde. Wọ́n ní ó ti lè sọ̀rọ̀ báyìí, àwa méjèèjì ò sì rí nǹkan kan sọ.

Èmi àbúrò yín tí ẹ mọ̀ sí aláròyé,
Ìyá Aránṣọ.