Ife Tánńganran Mọ̀dínátù

Ilé Bàbá Alábọ́,
Ẹ̀yìn Ọjà, Sabon Gari,
Zaria,
Ìpínlẹ̀ Kaduna.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Abdulmutalib, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó tún jẹ́ àna mi,

Mọ̀dínátù kú. Àbúrò rẹ, ìyàwó mi, kú ní àárọ̀ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ràjábù tó kọjá. Mo mọ̀ pé o mọ̀, ìwọ náà wà níbi sàárè. Mo ní kí Asiyah ọmọ mi kọ ọ́ ṣáájú ìkíni nítorí pé láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ gbangba nínú ilé yìí. "Láti ìgbà tí Màmá ti lọ" ni gbogbo wọn ń wí, bí ẹni pé ọjà ló lọ. Kú ló kú.

Ó tó, mo kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé ọ dé mọ́sáláṣí? Fatimah ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, gbogbo ará ilé ní Ìlọrin ńkọ́? Níbí, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ ti ń gbẹ lójú ọ̀nà ọjà, abọ́ sì ń tà díẹ̀díẹ̀. Ara mi le. Ẹni tó bá ti sin ìyàwó, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìkérora rẹ̀ mọ́.

O bi mí lórí fóònù nígbà Iléyá pé ìgbà wo la máa pín ẹrù Mọ̀dínátù, pé àwọn alfa ní ẹrù òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu. Ìdáhùn rẹ wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe.

Asiyah tó ń kọ̀wé yìí rí i pé mo máa ń dá jókòó jù. Ó mú mi lọ sí ilé Dókítà Túbọ̀sún ní GRA. Olùkọ́ yunifásítì ni. Ó máa ń ta aṣọ funfun sára ògiri, yóò fi sinimá han àwa Yorùbá ìlú yìí, bí a bá sì wò ó tán, a ó jiyàn lé e lórí. Ti ọjọ́ náà, àwọn ará Ítálì ló ṣe é láyé àtijọ́, kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun ni. Dókítà ní kò sí ibi tí wọn kì í ti í yìn ín láyé.

Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ni, ìyàwó rẹ̀ kú. Láràárọ̀, yóò po kọfí, yóò bù ú sínú ife ìyàwó náà, yóò gbé e síwájú àga rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Yóò wa ọkọ̀ lọ, yóò wa ọkọ̀ bọ̀, yóò da kọfí tútù náà sómi. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì. Ife tánńganran ni, irú èyí tí mò ń tà, etí rẹ̀ ti họ. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí àga ìyàwó, ó gbé ife náà, ó mu ún. Ó parí.

Ìyá Ọlámipọ̀sí tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ fọhùn. "Haba, Dókítà! Látìgbà tí mo ti jókòó, ife kan ṣoṣo! Ṣé kò sí ife nílé mi ni?"

Kelvin, ọmọ Kàbbà tó ń kàwé lọ́dọ̀ Dókítà, ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife. "Mọ́mì, ìlú wọn lẹ́yìn ogun ni ọkùnrin yẹn. Ìlú tó ń dúró de ohun tí kò ní padà wá."

"Ìlú ló wá ń mu kọfí?"

Dókítà ní ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀. Ìyá Ọlámipọ̀sí ní bó bá jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ lòun ń wá, òun ì bá ti lọ sùn. Asiyah wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Èmi rò pé tí kò bá bu kọfí yẹn, ilẹ̀ ò ní mọ́ fún un."

Wọ́n ní kí Bàbá Alábọ́ náà sọ tirẹ̀.

"Wèrè ni," mo ní. "Òkú kì í mu kọfí. Ṣekárími ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ ilé mi ni, n óò ju ife yẹn sí gọ́tà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu omijé ẹ̀rín. Ó dùn mọ́ mi, mo tún un sọ. Asiyah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí Mọ̀dínátù ti kú, gbogbo Jímọ̀ ni Asiyah ń ti ilé rẹ̀ ní Gyellesu wá se kúnú alájàgbọn bí ìyá rẹ̀ ti ń sè é, tó ń fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ almajiri tó ń wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ife tánńganran ìyá rẹ̀ ló fi ń bu ti àkọ́kọ́. Yóò gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, yóò wá agolo fi bu ti àwọn ọmọ títí wọn yóò fi mu tán, kó tó gbé ife náà fún ẹni tó bá dé kẹ́yìn. Níṣojú mi ló ti ń ṣe é. Mi ò bi í rí. Mo rò pé ó ń jẹ́ kó tutù ni.

Kẹ̀kẹ́ kan náà ló gbé wa padà. Kò bá mi jà. Bó bá jà ni, n óò mọ ohun tí n óò wí. Ó sọ̀ mí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ó dàárọ̀, Bàbá," ó bá kẹ̀kẹ́ lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá. Àwọn ọmọ wá, wọ́n tò sára ògiri pẹ̀lú abọ́ wọn. Mo ní "Babu," kò sí, kí wọ́n máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Baba, ina Anti?", ó ń bèèrè Asiyah. Mo wọlé, mo wo ibi tí ife máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Asiyah ti wá mú un lọ nígbà tí mo wà lọ́jà, kí n má baà jù ú sí gọ́tà. Abdulmutalib, èmi tí ife kún ṣọ́ọ̀bù mi dé àjà, mo wá ife kan dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wá a dé ẹ̀yìn ìkòkò omi.

Jímọ̀ kejì, mo dá kúnú sè fúnra mi. Ó ṣù. Mo fi ife tuntun bù ú. Àwọn ọmọ mu ún, ebi kì í jẹ́ kí wọ́n kọ kúnú, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ara wọn. Mi ò mọ bí n ó ti ṣe ife àkọ́kọ́. Mo gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn Mọ̀dínátù, mo dúró, mo dì í mú títí ó fi tutù.

Lónìí mo ránṣẹ́ pe Asiyah pé kó wá bá mi kọ lẹ́tà sí ọ. Kò kọ̀. Ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa wí. Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, ìyẹn ni mo ṣe ń bá ọ sọ ọ́ kó lè gbọ́. Ẹyin lohùn, mo mọ òwe yẹn kí n tó dé ilé Dókítà, kò sì dí mi lẹ́nu. Mo jẹ̀bi ọmọ mi, mo sì jẹ̀bi ìyá rẹ̀. Bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo sọ ti ife. Mo ní kó máa kọ.

Ti ẹrù tí o bèèrè: mi ò tíì ṣí yàrá náà láti ọjọ́ tí a ti gbé òkú rẹ̀ jáde. Mo sọ fún àwọn ọmọ wa pé mi ò fẹ́ kí eku wọ ibẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mo pe ará Ítálì ní wèrè, kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn kò kúrò lápò bùbá mi rí, mo sì ń bá a sùn.

Bá mi kí Fatimah dáadáa, kí gbogbo àwọn tó bá bèèrè mi ní mọ́sáláṣí yín. Ìyá Ọlámipọ̀sí ní kí n kí ọ. Ó ṣì ń bú sinimá náà láràárọ̀, kò sì sí oníbàárà tí kò tíì sọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé orí tábìlì níwájú Asiyah báyìí. Òun ni àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ ẹrù, ọ̀rọ̀ yàrá, ọ̀rọ̀ kúnú Jímọ̀ àti ti ife, mo fi lé e lọ́wọ́. Bó bá ní ká pín in, a ó pín in. Bó bá ní ife yẹn kò ní padà sínú ilé yìí, mi ò ní jiyàn. Má bi mí mọ́, òun ni kí o máa bi. Àtàǹpàkò mi ni mo máa ń tẹ̀ sídìí lẹ́tà tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ọ. Lónìí, mi ò tẹ̀ ẹ́. Bí Asiyah bá gba ohun tí mo fi lé e lọ́wọ́, kó fọwọ́ sí i fún mi.

Èmi àna rẹ, tìrẹ láti kékeré,

Asiyah,
àkọ́bí Kàbírù Alábọ́, fún bàbá rẹ̀.