Orin Ọba Tó Ń Gbé Ọmọ Mì

Àdúgbò Dẹ́ídò, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Wọ́n ti mú Gàníyù. Orin mi ni wọ́n torí ẹ̀ mú un.

Ìtàn Gíríìkì àtijọ́ tí mo kà nílé ìwé abúlé wa ni mo fi Yorùbá sọ fún àwọn ará ilé, ti ọba tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì kí wọ́n má baà gba ìtẹ́ rẹ̀. Àlọ́ tí kò lórin kì í dùn, ni mo bá fi orin sí i. Gàníyù ọ̀rẹ́ mi ló ń bá mi gbè é. "Làsísì, ọba tìẹ yìí mà lè jẹun o!"

Lónìí tí ọjà ṣí lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi ní kí Ààrẹ kúrò lórí àléfà, Gàníyù ń fi Faransé kọ orin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ṣọ́jà kan dúró. "Ọba wo?"

"Ti Gíríìkì ni."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èmi ni mo ṣe é," ni Gàníyù fèsì.

Wọ́n jù ú sọ́kọ̀. Alájì ọ̀gá wa di apá mi mú. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Àjèjì ni wá níbí."

Ó ní kí n sá lọ sí Màképè, àdúgbò míì. Mi ò lọ. Lọ́la màá lọ bá àwọn ṣọ́jà yẹn, màá ní èmi ni mo ni orin. Wọ́n á bi mí pé ọba wo. Kí ni màá sọ? Nígbà tí mò ń ṣe orin yẹn, ọba Gíríìkì kọ́ ló wà lọ́kàn mi.