Kifayah Ò Jẹun Lójú Ẹni Tó Ń Wò Ó

Erunmu,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Eyínfúnjowó mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ọlọ́runṣògo? Bàbá yín ń kí yín, ewúrẹ́ wọn ti bí ìbejì. Wọ́n ní kí n máa pè yín lọ́mọ mi, pé ìyá yín ni mo jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni mo dé ilé yìí, mo bá yín nílé, ẹnu mi ò lè pe orúkọ yín.

Ọ̀rọ̀ Kifayah ọmọ yín tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ wa ni mo fi kọ̀wé. Bàbá yín ní ẹ sọ pé bó bá fi lè rù, ẹ ó wá mú un lọ ní Sátidé. Jìnnìjìnnì bò mí, torí ẹ mọ ohun tí ayé máa sọ, pé ìyàwó tuntun ló febi pa á.

Ẹ dákun, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ìwé oúnjẹ tí ẹ ní kí n máa sàmì sí bó bá ti jẹun tán, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sàmì sí gbogbo rẹ̀ títí dé ìparí oṣù, mo rò pé bí a bá ti kọ rere sílẹ̀ ni rere ń dé. Ẹ sì ní kí n tan fóònù síwájú rẹ̀ kó lè lanu. Mo tàn án. Àwọn ọmọ inú fóònù ń jó, wọ́n tẹjú mọ́ wa, mo bá bu ẹ̀kọ tiwọn sọ́tọ̀, torí kò dáa ká máa jẹun lójú ọmọ ọlọ́mọ. Kifayah ò gbé tiẹ̀ mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kó o sí. Bàbá yín ní kí n fún un ní ṣíbí kan sí i, ló bá bú sẹ́kún.

Èmi náà, ẹ má sọ fún wọn o, mi ò tíì lè jẹun lójú bàbá yín. Bí wọ́n bá ti wo ọwọ́ mi báyìí, òkèlè á há mi lọ́fun. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ń jẹ tèmi. Ní Àtìní, mo gbé iṣu sísun àti epo lọ síbẹ̀, ọmọ tẹ̀ lé mi. Mi ò pè é, mi ò wò ó, mo kọ̀yìn sí i nítorí ìtìjú ara mi. Nígbà tó yá ó nawọ́, ó bù, ó tún bù. Ó bi mí pé ṣé èmi náà ń sá fún fóònù ni. Mo ní àti fún bàbá àgbà pàápàá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣíwọ́ fúnra rẹ̀, ó ní ikùn òun ti sọ pé ó tó, iṣu sì ṣẹ́ kù. Mi ò rọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn, òun ló ń wá fà mí láṣọ pé ebi ń pa àwa méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá mú un. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra ẹja ní Ìyànà Ọ̀fà àti abọ́ kékeré tí yóò máa fi bu tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ ò ní di ẹkún nílé yín. Ọmọ yín á jẹ, á yó, á sì mọ ìgbà tó yó.

Èmi ni Alimat, ìyàwó yín, tí wọ́n ní ó jẹ́ ìyá yín.